Bàálù Aago Mẹ́rin Ààbọ̀

Aago 6:45 àárọ̀. Oòrùn yọ lórí Ábákò, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Bàhámà, ní ìlà oòrùn Florida. Sátidé ni, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, aago ti di 11:45. Wákàtí márùn-ún ni Kútọnu fi ṣíwájú Ábákò ní àkókò ọdún yìí.

Àwọn kan ti jí lórí erékùṣù náà. Iṣẹ́ ni wọ́n bá wá, kì í ṣe fàájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàájì ni wọ́n fẹ́ kí aráyé rí. Fídíò orin ni wọ́n ń yà. Ọmọge ọdún méjìlélógún kan ni yóò jó nínú rẹ̀, lórí iyanrìn àti lórí ọkọ̀ ojú omi. Aaliyah Haughton ni orúkọ rẹ̀. "Rock the Boat" ni orúkọ orin náà. Ẹni tó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, tó ń sọ fún gbogbo wọn ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò dúró, ni Hype Williams.

Iṣẹ́ náà ti ń lọ láti àárín ọ̀sẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 22, abẹ́ omi ni wọ́n ti ya Aaliyah, ní Miami. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24, ìdájí ló jí lórí Ábákò, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún òní ni ijó orí ọkọ̀, òun pẹ̀lú àwọn oníjó rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti parí, kò sí ohun mìíràn tó kù. Wọ́n ti ṣètò bàálù tí yóò gbé wọn padà sí Florida. Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n lọ, ní Sọ́ńdè.

Aago 8 àárọ̀. Oòrùn ṣì rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wákàtí tí àwọn tó ń ya fídíò fẹ́ràn jù nìyí, nítorí kì í pẹ́ lọ.

Níbi iṣẹ́ báyìí, kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ kámẹ́rà á na téèpù láti ara kámẹ́rà dé iwájú olórin, á ka iye tó wà lórí rẹ̀, á sì fi àmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ olórin gbọ́dọ̀ wà. Bí olórin bá sún díẹ̀ kúrò lórí àmì, ojú rẹ̀ yóò di bàìbàì nínú àwòrán. Ẹlòmíràn á gbé ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ láti mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí i lójú ti pọ̀ tó. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé aago nìkan ló ń ṣọ́.

Orin náà fúnra rẹ̀ ń tú jáde láti inú ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Olórin kì í kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu lásán ló fi ń bá ohùn ara rẹ̀ lọ. Bí olùdarí bá fẹ́ kí ijó rọ̀ lójú àwòrán, wọn á mú kí orin yára ju bó ṣe yẹ lọ. Oníjó á yára bá a, kámẹ́rà á yára pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá wá dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń tò ó, ara oníjó á máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń pe iṣẹ́ yìí ní eré. Ẹni tó bá ti ru àpótí lẹ́ǹsì rí kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Hype Williams mọ ìṣirò yìí dáadáa. Harold ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní 1970. Queens, ní New York, ló gbé dàgbà. Ara ògiri ni ó ti kọ́kọ́ ń kọ Hype, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ di ayàwòrán. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé iṣẹ́ Classic Concepts, níbi tí Ralph McDaniels ti ń ṣe fídíò fún àwọn olórin ráàpù New York. Nígbà tó fi máa di 1997, kò sí ẹni tó ń wo fídíò orin Amẹ́ríkà tí kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀, yálà ó mọ orúkọ rẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Òun ló ya Missy Elliott nínú aṣọ dúdú tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún. Òun ló ya Busta Rhymes, tó sì ya Puff Daddy àti Mase nínú aṣọ dídán. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní fisheye ló fi gba orúkọ. Lẹ́ǹsì náà ń mú kí ojú olórin yọ síwájú, kí ògiri àti àjà sì tẹ̀ yí i ká. Ní 1998, ó ṣe sinimá tirẹ̀, Belly, pẹ̀lú Nas àti DMX. Ní 1999, ó ya TLC fún "No Scrubs".

Ó ti wá di ẹni tí ilé iṣẹ́ orin ń wá bí wọ́n bá fẹ́ kí olórin kan gbéra. Nítorí náà ni ó ṣe wà ní Ábákò.

Aago 10 àárọ̀. Omi òkun Ábákò kò jìn létí, funfun ni iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí ló ń mú kí omi náà mọ́lẹ̀ láti abẹ́ wá. Kò sí gílóòbù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé kámẹ́rà sórí ọkọ̀. Fatima Robinson ni ó kọ́ àwọn oníjó ní ijó tí wọ́n ń jó.

Ọ̀rọ̀ Aaliyah kò gùn, nítorí ọdún tó lò kò pọ̀. Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kìíní ọdún 1979. Detroit ló dàgbà sí. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Barry Hankerson, ló ni Blackground, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1994. Ní ọdún 2000, "Try Again" dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé wọ́n ta á ní ẹyọ kan. Orí rédíò nìkan ni ó gbà débẹ̀, orin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe sinimá kan tó pawó, ó ti parí òmíràn ní Ọsirélíà, wọ́n sì ti fún un ní ipa nínú Matrix tó ń bọ̀. Àwo rẹ̀ kẹta, tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, jáde ní oṣù Keje. Orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta nínú rẹ̀ kò lọ bí wọ́n ṣe rò. "Rock the Boat" ló wà nílẹ̀ báyìí.

Aago 1:10 ọ̀sán. Oòrùn dé góńgó lórí Ábákò. Òjìji olúkúlùkù wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wákàtí yìí kì í ṣe ojú ènìyàn lóore. Ó ń fi dúdú sábẹ́ ojú àti sábẹ́ imú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta aṣọ funfun sókè láti dín in kù.

Ní Kútọnu, aago 6:10 ìrọ̀lẹ́ ni. Àwọn ọlọ́kadà zémidjan nínú ẹ̀wù ofeefee ń gbé àwọn èrò kúrò ní ọjà Dantokpa. Ní Cadjèhoun, pápákọ̀ òfuurufú wà níbi tó ti máa ń wà, ojú ọ̀nà bàálù kan ṣoṣo, tí orí rẹ̀ kan kọjú sí òkun.

Iṣẹ́ ń lọ kíá lórí ọkọ̀. Hype Williams sọ lẹ́yìn náà fún àwọn oníròyìn pé ọjọ́ Sátidé yìí wà lára ọjọ́ tó dùn jù tí òun rí nínú iṣẹ́ yìí. Ó ní bí ẹbí ni gbogbo àwọn ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀, tí olúkúlùkù sì mọ̀ pé òun ní ìpín nínú orin ọmọge náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò yani lẹ́nu. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ṣáájú àkókò ṣọ̀wọ́n níbi fídíò. Owó ọkọ̀, owó oníjó, owó ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ka ní wákàtí wákàtí.

Òní parí ṣáájú àkókò.

Aago 4:30 ìrọ̀lẹ́. Àsìkò yìí ló yẹ kí bàálù dé.

Wọ́n ti yí ìpinnu padà. Níwọ̀n bí iṣẹ́ ti parí, kí ni wọ́n tún ń dúró ṣe di Sọ́ńdè? Aaliyah àti àwọn tó tẹ̀ lé e fẹ́ padà sí Amẹ́ríkà lálẹ́ yìí. Wọ́n ti ṣètò bàálù àdáni. Wọ́n ti gbé ẹrù wọn wá sí pápákọ̀ òfuurufú Marsh Harbour, ìlú tó tóbi jù lórí Ábákò. Àwọn oníjó kò bá wọn lọ. Orúkọ Hype Williams náà kò sí lára àwọn tó fẹ́ wọ bàálù yìí.

Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n. Olórin fúnra rẹ̀. Àwọn méjì tó ń ṣe irun rẹ̀. Ẹnìkan tó ń kùn ún lójú. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn méjì láti Blackground. Ẹnìkan láti Virgin Records tó ń rí sí ètò fídíò.

Bàálù kò dé.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́. Kò tíì dé.

Ẹrù wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe fídíò ọjọ́ mélòó kan kì í ru báàgì kékeré. Aṣọ ló wà níbẹ̀, bàtà, ohun ìṣaralóge, ohun èlò irun, àti ohun èlò iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Florida, Cessna 404 ló gbé wọn wá. Gbogbo rẹ̀ wọlé sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan nígbà yẹn, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi yẹ kí wọ́n bi í.

Aago 5:30. Ní Kútọnu, aago 10:30 alẹ́.

Aago 6:15 ìrọ̀lẹ́. Bàálù balẹ̀.

Kì í ṣe irú èyí tó gbé wọn wá. Cessna 402B ni, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ N8097W. Ó kéré sí 404. Láti òkèèrè, ẹni tí kò mọ bàálù kò lè fi ìyàtọ̀ sí i. Méjèèjì ní ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, méjèèjì ní ìlà fèrèsé kéékèèké. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa rí i pé inú rẹ̀ há ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún ni awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan ni.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n ti fi dúró. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Ilẹ̀ kò ní pẹ́ ṣú.

Aago bíi 6:25. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú bàálù.

Awakọ̀ mìíràn wà ní pápákọ̀ náà, tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn oníròyìn. Ó ní àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Awakọ̀ Cessna náà sọ fún wọn pé ẹrù yìí ti pọ̀ jù, pé bàálù kò lè gbé e láìséwu. Àwọn èrò kò gbà. Wọ́n ní àwọn ti sanwó bàálù, àwọn sì gbọ́dọ̀ dé Miami lálẹ́ Sátidé yìí.

Àríyànjiyàn irú èyí kì í ní ẹlẹ́rìí tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó parí sí hàn. Ẹrù tó wà nílẹ̀ wọlé. Wọn kò dá ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ náà wọlé.

Awakọ̀ náà gbà fún wọn. Ó jókòó síwájú. Ẹni tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ tó sọ pé rárá, tí oníbàárà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì, àgàgà bí iṣẹ́ náà bá ṣì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọn ẹrù. Ojú ni wọ́n fi wò ó.

Aago bíi 6:40. Awakọ̀ ṣí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan kọ̀, kò tètè jí. Ẹlẹ́rìí kan náà ló sọ èyí. Ó tún un ṣí. Ó jí.

Ojú ọjọ́ mọ́. Kò sí òjò, kò sí ìkùukùu tó dí ojú ọ̀nà. Oòrùn ṣì ní bíi wákàtí kan kó tó wọ̀. Ẹni tó ń ya fídíò yóò sọ pé ìmọ́lẹ̀ yìí ló dára jù lójúmọ́.

Aago 6:45 ìrọ̀lẹ́. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ọ̀nà, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Àwọn tó wà nílẹ̀ rí i tí ó gbéra. Kò ga. Wọ́n rí i tí ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí imú rẹ̀ sì dorí kodò. Ó bọ́ sínú irà ní apá gúúsù òpin ọ̀nà náà. Kò ju nǹkan bí ọgọ́ta mítà lọ sí ibi tí ọ̀nà parí sí. Iná sọ.

Kò sí ẹni tó yè nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ní Kútọnu, aago 11:45 òru ni.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Wọ́n sin Aaliyah ní New York, láti ìjọ St. Ignatius Loyola ní Manhattan. Wọ́n fi ẹyẹlé funfun méjìlélógún sílẹ̀ kí wọ́n fò lọ, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò láyé. Àwo orin rẹ̀ gun ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Tẹlifíṣọ̀n BET gbé fídíò náà jáde. Gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n ní Ábákò ló wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ, kò dín. Ojú olórin kò di bàìbàì níbì kankan. Ẹnu rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀. Hype Williams ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà lọ. Ní 2006, MTV fi àmì ẹ̀yẹ Video Vanguard dá a lọ́lá fún gbogbo ohun tó ti ṣe.

Àwọn olùwádìí Bàhámà àti ti NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù ní Amẹ́ríkà, ka àpò, wọ́n ka àwọn èrò, wọ́n ka epo. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Bàálù náà fi nǹkan bíi 700 páùn-ùn, ìyẹn kílò 320, wúwo ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún un lọ. Ẹnìkan pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹrù ti tẹ̀ sẹ́yìn kọjá ààlà. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, imú á gbé sókè ju bó ṣe yẹ, ìyẹ́ kò ní rí afẹ́fẹ́ dì mú mọ́. Awakọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ tó bá fẹ́ kúrò ní Kútọnu lọ sí Pàrákú mọ èyí nípa táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣíná.

Orúkọ awakọ̀ bàálù náà kò sí lára àwọn tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí láti wa bàálù yẹn fún ilé iṣẹ́ tó ń lò ó. Ọjọ́ méjìlá ṣáájú, ó ti wà níwájú adájọ́ ní Florida lórí ẹ̀sùn kokéènì. Wọ́n rí kokéènì àti ọtí nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé ìròyìn fi èyí ṣe orí ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ọkùnrin yìí, ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe sọ ọ́, òun gan-an ló sọ lọ́jọ́ yẹn pé ẹrù náà pọ̀ jù.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin kọjá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003. Aago 1:25 ọ̀sán, Kútọnu. Boeing 727 kan balẹ̀ ní Cadjèhoun láti Conakry. Ilé iṣẹ́ UTA ti Guinea ló ń lò ó, àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ 3X-GDO. Kufra ní Líbíà ló ń lọ, láti ibẹ̀ sí Beirut, láti Beirut sí Dubai. Kérésìmesì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń lọ sílé fún ọdún. Àwọn ọmọ ogun Bangladesh mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ń padà láti iṣẹ́ àlàáfíà UN ní Sierra Leone àti Làìbéríà.

Aago 2 ọ̀sán. Ẹni mẹ́sàn-án sọ̀. Àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta wọlé ní Kútọnu. Mẹ́wàá mìíràn wọlé, tí bàálù mìíràn gbé wá láti Lomé. Ẹrù wọn wọlé pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ń lọ sílé fún ọdún kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Aago bíi 2:50. Àwọn méjì lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wà níwájú pẹ̀lú àwọn awakọ̀. Nínú bàálù, àwọn èrò ń pààrọ̀ ìjókòó kí wọ́n lè wà nítòsí àwọn ènìyàn wọn.

Aago 2:58. Wọ́n fi agbára sí ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàálù sáré lọ sí ọ̀nà òkun. Ó dé ibi tó ti yẹ kó gbéra. Igbákejì awakọ̀ fà. Imú kò gbéra. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó fà. Ó tún ní kí ó fà. Ilẹ̀ ń tán níwájú wọn.

Aago 2:59. Bàálù kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ilé kékeré kan wà níbi tí ọ̀nà parí sí, nǹkan bí mítà 118 sí òpin rẹ̀, ilé ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà. Kò ga ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàálù kọ lù ú. Bàálù fọ́ sí etíkun, apá kan wọ òkun lọ.

Ẹni 163 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni 141 kú. Ẹni 22 yè.

Ní ọ̀dọ̀ BEA, àwọn olùwádìí ará Faransé, ẹrù ló tún kọ́kọ́ jáde. Ní Marsh Harbour, ẹ̀yìn ni ẹrù ti pọ̀ jù. Ní Kútọnu, iwájú ni, àwọn awakọ̀ kò sì mọ̀. Tọ́ọ̀nù 78 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ìgbéra wọn. Ohun tí àwọn olùwádìí rí ni nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 85.5. Ní gbogbo ọ̀sán Kérésìmesì yẹn ní Cadjèhoun, kò sí ẹnikẹ́ni tó wọn tọ́ọ̀nù méje àti ààbọ̀ tó kù.